Ṣé aago bàbá mi náà ni yóò ṣì jẹ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa aago ọwọ́ tí a ń wáìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aago tí bàbá mi máa ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń fà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́, nítorí pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àwọn eyín rẹ̀. Mo gbà kí alátùn-únṣe fọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa dán, bẹ́ẹ̀ àpá tí ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá mi dá sí i wà níbẹ̀, òun sì ni àtàǹpàkò mi máa ń wá kàn láràárọ̀ tí mo bá ń wáìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú àtúnṣe yìí rí, ǹjẹ́ ọkàn yín ṣì fà mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀?