Ìrìn-àjò òkè òkun ò wù mí mọ́, ṣé àgbà ló ń dé ni?

Àǹtí Arìnkiri:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Nígbà kan rí, bí ẹ bá ń wá mi tí ẹ ò rí mi, ẹ lọ wò mí níbi tí wọ́n ti ń wọ bàálù. Máàpù ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, ìwé ìrìnnà mi kì í sì í jìnnà sọ́wọ́. Ní báyìí, bí ọkọ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé "ibo là ń lọ lọ́dún yìí?", àyà mi á kàn já. Ẹ má rò pé owó ló fà á o, ìyẹn ò tíì di ìṣòro. Bàálù náà ò bà mí lẹ́rù.

Ọdún 2020 ni mo kọ́kọ́ fura sí ara mi, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ẹnubodè káàkiri ayé. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ti gba yàrá sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà kọ̀wé pé àwọn ò lọ mọ́, ọkọ mi káwọ́ lérí. Èmi wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Kò mọ̀ títí di òní. Mo ní bóyá ìbẹ̀rù àrùn ló ń ṣe mí. Àrùn lọ, ayé ṣí padà, ara mi ò yá gágá sí ìrìn-àjò mọ́.

Lára ohun tó sú mi ni wàhálà tí a máa ń rí kí a tó gbéra rárá. Àwa tí a ti ń rìn tipẹ́ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kejìlá 2001, ọkùnrin kan kó àdó olóró sínú bàtà, ó wọ bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń ní ká bọ́ bàtà. Lóṣù Kẹjọ 2006, ọwọ́ tẹ àwọn kan ní ìlú London tí wọ́n fẹ́ fi ohun olómi ṣe irú ẹ̀; ó di pé ìgò ìpara tó bá ti ju mílílítà 100 lọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mi ò bá wọn jà, ẹ̀mí ju ìpara lọ. Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti ní ká fi bàtà sẹ́sẹ̀ láti oṣù Keje 2025. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan, ni wọ́n ń ki òmíràn bọ̀ ọ́. Láti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tó ṣí ẹnubodè fún ara wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba òǹtẹ̀ ìka àti fọ́tò ojú lọ́wọ́ àlejò tó wá láti ìta Yúróòpù. Ìyá àgbà kan wà níwájú mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò ìka bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ti pa ìlà ìka ìyá náà rẹ́, ẹ̀rọ ò sì dá a mọ̀. Ó nu ìka náà mọ́ aṣọ, ó tún un tẹ̀, ó tún un nù, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń mí kanlẹ̀. Ojú tì mí fún gbogbo wa.

Ká tiẹ̀ ní a débẹ̀ láyọ̀. Ibi tí mo fẹ́ rí, gbogbo ayé ló fẹ́ rí i. Àwòrán obìnrin tí wọ́n ń pè ní Mona Lisa, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 77 lọ, ìbú rẹ̀ ò sì ju 53. Fóònù ni mo rí, mi ò rí obìnrin náà. Apá nà sókè lọ bẹẹrẹ bíi ti ìjọ tó ń gbàdúrà. Ẹni tó wà níwájú pátápátá ò tiẹ̀ wò ó, ẹ̀yìn ló kọ sí i, ó ń ya ara rẹ̀. Àwọn onílé náà ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni Venice ti ń gba owó ìwọ̀lú, yúrò 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó bá yà síbẹ̀ láìsùn lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Lóṣù Keje ọdún kan náà, àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Barcelona fi ìbọn omi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré yin omi sára àwọn àlejò tó jókòó tí wọ́n ń jẹun. Ẹni tí wọ́n bá yin omi sí nídìí oúnjẹ, ṣé wọ́n tún máa ní kó máa lọ kó tó mọ̀?

Lọ́dún tó kọjá mo dọ́gbọ́n, mo ní ká lọ sí etí odò kan tí mọ́tò kì í rìn ju wákàtí méjì lọ kó tó dé. Ọkọ mi fajú ro. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó síta, mo ń gbọ́ kó-kó-kó, mo gbójú sókè: àkókó ló ń gbẹ́ igi. Ìrù rẹ̀ ló fi ti ara rẹ̀ mọ́ igi náà. Á gbẹ́ ẹ, á dúró, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún sún sókè díẹ̀, eruku igi ń dà sórí ewé nísàlẹ̀. Oòrùn ti mú kí n tó rántí pé mi ò tíì bọ́jú. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣe mí ní òkèèrè gbẹ̀yìn, torí aago ni mo máa ń wò níbẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì ibí aago mẹ́wàá, tọ̀hún aago méjìlá.

Ẹ bá mi wò ó: ṣé ìfẹ́ yìí máa ń padà? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ mi, tó ṣì ń ka ìwé nípa ìlú onílùú kó tó sùn lálaalẹ́? Kí lẹ sì ń ṣe tí ìsinmi ìtòsí kì í fi í di ọjọ́ fífọ aṣọ?

Má-dúró-síbì-kan:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò gbà fún yín. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ lẹ lọ, ní àsìkò tí gbogbo èèyàn ń lọ, ẹ wá ní èrò pọ̀. Ẹ lọ nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé ìwé, kí ẹ sì fi ìlú tó lórúkọ sílẹ̀, ẹ lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ohun kejì, ara kì í ṣe òkúta. Bí aago ibi tí ẹ lọ bá fi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ sí tiyín, ẹ fi bí ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀ kí oorun tó padà sípò. Apá ìlà-oòrùn ló burú jù, torí wọ́n á ní kí ẹ sùn nígbà tí ojú yín ṣì dá. Ti ìwọ̀-oòrùn, ẹ kàn máa pẹ́ kí ẹ tó sùn ni. Ẹni tó bá lọ lo ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ló ń di ẹrù padà, á wá ní ìrìn-àjò ti sú òun. Èmi, àríwá tàbí gúúsù nìkan ni mò ń lọ báyìí. Mo lè jókòó sínú bàálù fún wákàtí mẹ́wàá kí n sọ̀ kalẹ̀ kí aago ọwọ́ mi ṣì bá tibẹ̀ mu. Àárẹ̀ ìjókòó nìkan ló máa ṣe mí, pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bàálù kì í sábà tó ìdá 20 nínú 100. Ẹ mu omi.

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ní ẹlẹ́rìí kan fún ọ. Immanuel Kant, àgbà onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, ìlú Königsberg ni wọ́n bí i sí ní 1724, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1804. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní agbègbè yẹn láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní jọ́gíráfì gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n má gbé e gẹ̀gẹ̀ jù o. Ohun tó sọ nípa àwa aláwọ̀ dúdú burú, ó sì jọ pé ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ ló gbọ́kàn lé. Ká ní ó ti bá wa jókòó rí ni, ẹnu rẹ̀ ì bá wọlẹ̀. Nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rìn. Ìwọ ti rìn tìrẹ, jókòó jẹ́jẹ́.

Lọ ra máàpù agbègbè rẹ, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ dúró fún ìdajì kìlómítà. Wá odò kékeré kan lórí rẹ̀, kí o fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ títí dé ibi tó ti ń sun. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, bí o ò bá kánjú.

Aláròká:

Ẹ ò tiẹ̀ sọ ti ooru. Nínú gbogbo gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná, tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, bí ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ti inú bàálù jáde, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ọmọ aráyé ò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ ṣáà máa lọ etí odò yín, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Onísùúrù:

Ẹ sùn níbòmíràn. Ó parí. Bó ṣe abúlé kejì ni, ẹ má sùn sílé, torí ilé ni aṣọ ìdọ̀tí wà.

Àwa gbìyànjú ìsinmi inú ilé rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àbúrò ọkọ mi ti gbọ́ pé ọwọ́ wa dilẹ̀, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, "ẹ ṣáà bá mi wò wọ́n di Sátidé." Ní báyìí, mo máa ń sọ fún wọn pé a rin ìrìn-àjò. Irọ́ kọ́. Wọn ò bi mí pé ó jìnnà tó báwo.

Ní ti ọkọ yín, ẹ má sọ fún un pé ẹ ò lọ mọ́. Ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀. Ẹ bi í pé nínú gbogbo ibi tí ẹ ti jọ lọ, kí ló dùn mọ́ ọn jù? Mo bi tèmi, mo rò pé á dárúkọ ìlú ńlá kan. Ó ní ọkọ̀ ojú irin òru. Gbogbo òkè òkun tí à ń náwó sí! A wá èyí tó wà nítòsí, a wọ̀ ọ́.

Àǹtí Arìnkiri:

Ẹ ṣé gan-an. Má-dúró, mo ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Ó ti wà lórí fóònù mi kí n tó débẹ̀, mo sì rí i pé fóònù ya iké rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àríwá àti gúúsù yẹn wọ̀ mí létí. Ọkọ mi ti ń fi ìka tọ máàpù ayé lọ sísàlẹ̀.

Ìyá Onísùúrù, mo bi í. Ó ronú títí, ó ní kíkà ìwé yẹn gan-an lòún fẹ́ràn, pé bí a bá dé ọ̀hún tán, ẹsẹ̀ máa ń dun òun. Mo wò ó. Láti ọdún wo? A ti fẹnu kò: lọ́dún yìí a ó jọ lọ sí ìtòsí. Bó bá tún fẹ́ lọ jìnnà, òun àti àbúrò rẹ̀ ni kí wọ́n jọ lọ, èmi á sì bá wọn di ẹrù.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ra máàpù náà, ọkọ mi ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọkọ̀ ojú irin yẹn ńkọ́, Ìyá? Ṣé ó ní ibùsùn?

Ìyá Onísùúrù:

Ó ní. Ẹ gba ti ìsàlẹ̀. Ti òkè, bí ẹ bá ta gìrì dìde, orí yín á fọ́ mọ́ àjà.