Ọjọ́ Àìkú ni ẹja mi máa ń kú, ewéko inú omi sì ń gbèrú: ẹ gbà mí o

Bàbá Dúpẹ́
Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, òun ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta léraléra nìyí tí mo ń jí bá òkú ẹja lójú omi. Méjì lọ́sẹ̀ kìíní, mẹ́ta lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Èyí tí ọmọ mi sọ ní Oyin nítorí àwọ̀ rẹ̀ wà nínú mẹ́rin náà. Ọmọ ò jẹun àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń lọ sí Kánádà ni mo ti ra gíláàsì ńlá tí mo ń sin ẹja sí nínú pálọ̀. Iye tí a jọ sọ lórí fóònù kọ́ ló gbà nígbà tí mo débẹ̀. Kò fún mi ní fíltà tó ń sẹ́ omi rẹ̀, mo ní láti ra tuntun. Káfíńtà tó kan tábìlì tí mo gbé e lé dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tó ti gbowó tán. Ìyàwó mi ní owó tí mo ń dà sínú omi yìí ti tó ra fíríìjì. Àbúrò mi wá kí wa, ó dúró níwájú ẹ̀, ó ní ẹja tí èèyàn ò lè sè, kí ló wà fún? Mi ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ewéko inú rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, àwọn kan ti ga dé ojú omi. Tó bá jẹ́ omi ló burú, ṣé ewéko á máa tutù bẹ́ẹ̀? Èmi gbà pé ẹja aláìsàn ni ẹni tó ń ta ẹja fún mi ń tà. Ṣé kí n wá ẹlòmíràn ni, àbí kí n kúkú gbé gíláàsì náà tà?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Dúpẹ́. Ẹ bá mi tu Dúpẹ́ nínú. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa fín oògùn ẹ̀fọn sí pálọ̀ láìbo ojú gíláàsì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì ń ṣiṣẹ́. Òun ló fa oògùn náà wọlé. Kó tó di àsìkò ìrun Ìṣá, ẹja mẹ́jọ ti dojú délẹ̀. Mo sunkún bí ẹni tó pàdánù èèyàn. Ẹ bi wọ́n nílé bóyá wọ́n ń fín nǹkan ní alẹ́ Sátidé.

Ọmọ Àkúrẹ́
Omi ni. Bàbá ò tiẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, kilorínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó sì ń pa ẹja. Ẹ pọn ọ́n sínú ike, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó dà á sí i.

Ará London
Òótọ́ ni Ọmọ Àkúrẹ́ sọ. Omi ẹ̀rọ tiwa níbí le gan-an, ó máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ nínú ohun tí a fi ń se omi tíì, kilorínì sì wà nínú rẹ̀. Oògùn kan wà tí mo máa ń kán sí i kí n tó dà á sílé ẹja. Bàbá, ẹ tún ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ gáàsì CO2 sínú omi fún ewéko, àti iná tó dára. Láti ìgbà tí mo ti ra tèmi, ewéko mi yàtọ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹja ni bàbá ní ó ń kú, wọn ò sọ pé ewéko ń kú. Gáàsì tí ẹ ní kí wọ́n lọ rà yẹn gan-an, tó bá pọ̀ jù lóru, á fún ẹja pa. Anubias, ewéko inú omi tí gbogbo ayé ń rà lówó gọbọi, orí òkúta létí odò ló ti ń hù níbí àti ní Kamẹrúùnù. Ta ló ń fẹ́ gáàsì sí i níbẹ̀?

Ará London
Àbúrò, mi ò sọ pé kí wọ́n rà á lóru òní. Ohun tó ṣe mí láǹfààní ni mo sọ. Ẹ má gbà á sódì.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì
Ẹ jẹ́ ká béèrè ká tó dájọ́. Bàbá Dúpẹ́, báwo ni gíláàsì náà ṣe tóbi tó? Ìgbà wo lẹ pọnmi sí i, ìgbà wo lẹ kó ẹja sí i, ẹja mélòó? Kí lẹ máa ń ṣe sí i ní Sátidé? Èyí tó ká mi lára jù: kí ló wà lábẹ́ yanrìn rẹ̀?

Bàbá Dúpẹ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, a kì í fín oògùn ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì la kàn sójú fèrèsé. Ọmọ Àkúrẹ́, omi kànga ni, Akóbọ̀ níbí la wà, kò sí kilorínì nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni gíláàsì náà. Ó pé oṣù kan lánàá tí mo ti tò ó. Sátidé ni mo máa ń ráyè, mo máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta omi rẹ̀, mo sì máa ń fa àwọn ewéko tí kò dúró dáadáa tu láti wo gbòǹgbò wọn, kí n tó tún wọn gbìn. Mi ò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Mo fi ọ̀pọ̀ alẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹlẹ́ja yẹn ni mo ṣì ń fura sí.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì
Ẹ ò tíì sọ iye ẹja, ẹ ò sì sọ ohun tó wà lábẹ́ yanrìn.

Bàbá Ẹlẹ́ja
Ọdún 12 ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹja ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, ẹ kì í wo ẹja, iná tí ẹ tàn sí i lẹ ń wò. Ẹja tó bá ń gbé ẹnu sókè lójú omi ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ò rí èémí mí. NEPA ń mú iná lọ, fíltà ń dákẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń fọ omi mọ́ nínú fóòmù rẹ̀ á sì máa kú. Ẹ fi bátìrì gbé e.

Ohun tí tíṣà ń béèrè, mi ò rí bó ṣe kan ọ̀rọ̀. Àwa ń da ìgbẹ́ adìẹ sínú kòtò ẹja kí omi lè di àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ kì í pa ẹja.

Bàbá Dúpẹ́
Bàbá Ẹlẹ́ja, Ọlọ́run á bù kún yín! Ẹ ti tú mi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má baà bú mi. Ilẹ̀ ibi tí màmá mi ń gbin ewédú sí ni mo wú sí i, mo sì po ìgbẹ́ adìẹ tó kún agolo mílíìkì ńlá kan mọ́ ọn, kí n tó fi yanrìn bò ó. Òun ló jẹ́ kí ewéko dára bẹ́ẹ̀. Ẹja 18 ni mo kó sí i ní ọjọ́ kejì, goldfish mẹ́fà àti guppy méjìlá.

Ọmọ Àkúrẹ́
Yéè!

Ará London
Ìgbẹ́ adìẹ? Ní ọjọ́ kejì?

Bàbá Ẹlẹ́ja
Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Kòtò tó tóbi ju ilé lọ ni mo ń sọ, oòrùn ń pa á, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, díẹ̀díẹ̀ la sì ń dà á, ọjọ́ pípẹ́ ṣáájú kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni po ó sínú gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì nínú pálọ̀. Tíṣà, ẹ má bínú. Ìbéèrè yín ló tọ̀nà.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì
Kò sí ìbínú, sà. Bàbá Dúpẹ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá ń jẹrà nínú omi, kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ló ń dà. Ewéko ń jẹ amóníà, ìdí nìyẹn tí ewé wọn fi tutù yọ̀yọ̀. Ẹja ò lè jẹ ẹ́. Ńṣe ló ń jó o níbi tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi á wà, afẹ́fẹ́ á wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹja ò ní lè mí. Àwọn kòkòrò tí Bàbá Ẹlẹ́ja sọ ni ì bá sọ amóníà di náítíráìtì, kí wọ́n tó sọ náítíráìtì di náítírétì tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọjọ́ kan lẹ fún wọn.

Yanrìn tí ẹ fi bo ìgbẹ́ náà ń dá a dúró díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, ẹ ó fa ewéko tu, ẹ ó ṣí ojú rẹ̀. Ìdí tí ẹja fi ń kú lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn.

Bàbá Dúpẹ́
Ìka mẹ́ta ni mo fi yanrìn bò ó, mo rò pé ó tó. Lóòótọ́, bí mo bá fa gbòǹgbò tu, ẹrẹ̀ dúdú kan máa ń rú sókè, omi á hó wẹ́wẹ́ níbẹ̀, á sì rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Èrò mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ ṣe ń rùn. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo rí Oyin tó fi ẹ̀gbẹ́ kan gíláàsì, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ọmọ mi ní ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo paná, mo lọ sùn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ má fìyà jẹ ara yín. Àwọn tó kù, bí ojúoró ṣe ń lékè omi, wọ́n á lékè ikú.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì
Àmín. Ojúoró yẹn pàápàá wúlò, Ìyá Ìbejì, ó ń jẹ amóníà gan-an, ẹni tó bá rí i á fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó fi sínú omi, nítorí ìgbín àti kòkòrò.

Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ yẹn, gáàsì mìíràn tó ń pa ẹja ni. Bàbá, ẹ má dúró di Sátidé. Ẹ pọn omi kànga sínú ike ńlá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa fẹ́ sí i di àárọ̀, torí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní afẹ́fẹ́. Ẹ kó ẹja síbẹ̀, ẹ gbé fíltà tẹ̀lé wọn. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí blíìṣì fọ fóòmù rẹ̀ o, ibẹ̀ làwọn kòkòrò wa wà. Ẹ fọ ewéko, ẹ tọ́jú wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó gbogbo ẹrẹ̀ náà dà nù. Anubias tí ẹ bá ní, ẹ má bo ọ̀pá gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹrà, òwú ni kí ẹ fi dè é mọ́ òkúta. Ẹ pa iná rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́.

Goldfish kò bá ewéko gbé. Ó ń fà wọ́n tu, omi tútù ló sì fẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ tún ẹja rà lọ́jọ́ iwájú, kribensis wà, odò apá gúúsù Nàìjíríà níbí ni orírun rẹ̀, ooru wa kò ṣe é ní nǹkan.

Bàbá Dúpẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)
Mo ti kó ẹrẹ̀ náà jáde. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, ìyàwó mi bá mi gbé e dé ìdí ewédú màmá. Kò sọ̀rọ̀ fíríìjì lánàá. Mo pe ẹni tó ń ta ẹja fún mi, mo bẹ̀ ẹ́, torí mo ti sọ̀rọ̀ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nínú mẹ́sàn-án tó kù, ọ̀kan tún kú lóru àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́jọ yòókù kò gbé ẹnu sókè mọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Dúpẹ́ ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fún wọn lóúnjẹ. Ṣé kó fún wọn?

Tíṣà Báyọ́lọ́jì
Ó di ọ̀la, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ yọ ìdajì omi ike náà lójoojúmọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ti gíláàsì, ẹ má tíì fi ẹja kankan síbẹ̀.