Omi Wo Lẹ Fún Àlejò Yín Mu? Ìrírí Wa ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ìdànrè

Àǹtí Ìjàpọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ará Èkó àti ará òkè òkun ò ní pẹ́ máa wọlé. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ omi. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọdún tí àbúrò mi ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó ìyàwó àti ọmọ méjì wá láti London. Ilé mi ní Ìjàpọ̀ ni wọ́n dé sí. Kí wọ́n tó dé ni mo ti ra báàgì píọ̀ wọ́tà mẹ́rin àti omi oníke páálí méjì sílẹ̀. Mo pe àwọn ọmọ náà jókòó, mo ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan omi ẹ̀rọ ilé yìí o." Kódà omi tí wọ́n fi ń fọ eyín, inú ike ni mo ní kí wọ́n ti máa bù ú. Bí wọ́n bá ń wẹ̀, èmi nìyí lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ panu dé o!" Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní mo ti di sọ́jà omi.

Ọjọ́ kejì ìdána ni èyí àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Ìyàwó wa ń wojú mi, èmi náà ń wojú ẹ̀rọ. Ta ló mu ún? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mu ún. Ìgbà tó ṣe ni ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé sóbò tutù yẹn dùn gan-an, ife mẹ́ta lòun mu. Àyà mi já. Èmi gan-an ni mo ránṣẹ́ lọ ra yìnyín tí wọ́n fi sí i. Odindi búlọ́ọ̀kù ni, wọ́n gbé e lé àpò ìrẹsì lórí ilẹ̀, wọ́n fi ọmọ odó fọ́ ọ, wọ́n fọwọ́ kó o sínú kúlà. Omi wo ni wọ́n fi dì í? Mi ò bi wọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú gbọin, mo fi ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Omi tó dì kò pa kòkòrò inú rẹ̀ o, ó kàn ní kó lọ sùn ni. Bó bá ti yọ́ nínú sóbò, ó jí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré lálejò, ẹ tọ́jú èyí síbì kan: omi sísè tó ti tutù, lítà 1; ṣúgà, ṣíbí tíì 6; iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì. Kí ṣíbí náà má ga lórí. Kí ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ yẹn gidigidi, nítorí mo ti rí ìyá tó fọwọ́ bù ú, tí ọmọ tún wá burú sí i. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni, kíá.

Bọ̀dá Púlọ́ńbà, Òkè-Àrò

Ẹ̀yin ẹ máa bá ẹ̀rọ jà. Ẹ ti gun táǹkì yín wò rí?

Òtẹ́ẹ̀lì kan pè mí lọ́jọ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Wọ́n ní omi yàrá òkè ń rùn, àlejò tó ti Àbújá wá ti ń pariwo. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ni wọ́n ń lò, mo tọ́ ọ wò láti ìdí ẹ̀rọ tó ń fà á, kò ní nǹkan kan. Ni mo bá gun táǹkì. Ìjì ti gbé ìdérí rẹ̀ lọ, páànù àlòkù ni wọ́n fi bo ààbọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Aláǹgbá méjì! Ọ̀kan ti wú, ìkejì ti di egungun. Ìgbà tí mo fa omi rẹ̀ tán tí mo kó sínú, ẹrẹ̀ dúdú bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mo pe máníjà kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gun àkàbà dé ìdajì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n ṣáà máa fọ̀ ọ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi fọ̀ ọ́.

Omi ìjọba ńkọ́? Kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, álọ́ọ̀mù ti mú ìdọ̀tí rẹ̀ wálẹ̀, kiloríìnì ti pa kòkòrò rẹ̀. Òórùn oògùn tí àwọn àlejò ń ráhùn sí yẹn, ẹ bù ú sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi àwọ̀n tó mọ́ bò ó títí di àárọ̀, ó máa lọ. Àmọ́ páìpù tí àwa onílé fọwọ́ ara wa gbé gba inú gọ́tà, ta la fẹ́ fi sùn? Nígbà tí omi bá ń sáré nínú páìpù, síta ló ń tì. Bó bá dá, tí páìpù ṣófo, ojú ibi tó ti là á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi gọ́tà mu. Ìdí nìyẹn tí èyí tó kọ́kọ́ ń yọ fi ń pupa bí omi ẹ̀lùbọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù dáadáa. Ẹ fi fọ ọkọ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Bọ̀dá, ẹ ti bà mí nínú jẹ́ pẹ̀lú aláǹgbá yẹn, oúnjẹ ni mo ń jẹ lọ́wọ́.

Tèmi, ti adùn ni. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan wá sí Oǹdó láti Èkó. Mo gbé omi kaná, mo po tíì fún un, tíì yẹn dúdú bíi yíǹkì. Ó fi ṣíbí rò ó, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe nǹkan ni?" Omi bọ́họ̀ọ̀lù wa ló fa á. Irin pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á mọ́ lóló. Kó tó pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á pọ́n, á sì ba aṣọ funfun jẹ́. Bí ẹ bá fi po tíì, dúdú ni. Wọ́n ní ìyẹn kò pa èèyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé fún ará Èkó?

Màmá mi àgbà ló gbà mí. Omi kànga ni wọ́n máa ń sè, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á dà á sínú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn. Ife tí wọ́n fi ń bù ú ní ọwọ́ gígùn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ inú àmù, ì báà jẹ́ ọba. Ọ̀rẹ́ mi mu ife kan, ó ní kí ló wà nínú omi yìí. Màmá ní, "Amọ̀ ni." Láti ìgbà náà, bó bá pè mí lórí fóònù, àmù ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè kó tó bèèrè mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní omi sísè kì í dùn, atẹ́gùn inú rẹ̀ ló ti lọ. Ẹ máa dà á láti inú jọ́ọ̀gì kan sí ìkejì nígbà mẹ́wàá, ẹ ó rí i.

Ìyá Olómi, Ìdànrè

Ẹ káàbọ̀ sọ́dọ̀ wa o. Ẹsẹ̀ òkè ni mo ti ń tajà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ fẹ́ gùn, ẹnì kan á wá ra píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan, 50cl, á ní ó tó òun. Wọ́n á dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ahọ́n ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìlú àtijọ́, tí wọ́n ń fi Omi Àpáàrà hàn wọ́n, àwọn kan á ti máa bèèrè bóyá ó ṣe é mu. Ìran lẹ wá wò, ẹ fi omi òkè sílẹ̀. Ẹ ra mẹ́ta mẹ́ta.

Kí n sọ òótọ́ o, kì í ṣe gbogbo àwa tá à ń ta á la ṣeé gbára lé. Èyí tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀, ọ̀rá lẹ máa tọ́ wò lẹ́nu. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ tẹ ọ̀rá rẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Omi oníke, etí gbọ́dọ̀ gbọ́ "kẹ́" nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Bí kò bá ké, ẹ dá a padà, kódà bó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lẹ ti rà á.

Ọmọ FUTA Tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n yí i padà: èmi ni mo lọ ṣe àlejò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé London, gbogbo omi ẹ̀rọ ni mo ń sè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹni tá a jọ ń gbé kàn ń wò mí. Ọjọ́ tí mo yọjú sínú kẹ́tùlù, mo rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo ní wọ́n ti bu ẹfun sí i fún mi. Mo pe màmá mi. Màmá ní kí n má mu ún mọ́, kí n gbàdúrà.

Àṣé ẹfun náà ni lóòótọ́! Inú àpáta ẹfun ni ọ̀pọ̀ omi wọn ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Kò ní ibi tó ń ṣe. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa, tíì wọn sì máa ń ní ìfófó lójú, ìyẹn náà ni.

Bọ̀dá Púlọ́ńbà, ọ̀rọ̀ yín ló mú mi rántí èyí: bàbá onílé mi níbẹ̀ kọ́ mi pé kí n má bu omi mu láti inú ẹ̀rọ omi gbígbóná, ti omi tútù nìkan ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó nawọ́ sókè àjà. Táǹkì! Nínú àwọn ilé àtijọ́ wọn, orí àjà ni táǹkì tó ń gbé omi lọ sí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà, wọ́n ní àwọn ẹyẹlé máa ń kú sínú rẹ̀.

Bọ̀dá Púlọ́ńbà, Òkè-Àrò

Ẹ̀yin ẹ rí i báyìí? Tiwọn ẹyẹlé, tiwa aláǹgbá.

Àǹtí Ìjàpọ̀

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá gun tèmi ní Sátidé. Ẹ má bi mí ìgbà tí a fọ̀ ọ́ kẹ́yìn níwájú àwọn èèyàn.