Èsì mi lórí “ìtànṣán áyọ́ọ̀nù”

Ẹ̀gbọ́n wa tí ń bẹ ní Yábàá, ẹ kú làákàyè. Ẹ ní ká dá sí orúkọ tí ẹ fún iṣẹ́ tí àbúrò yín ń ṣe ní yàrá ìwádìí: “ìfilélẹ̀ awọ fẹ́lẹ́ àbọ̀-agbéná ẹlẹ́mìí pẹ̀lú ìtànṣán áyọ́ọ̀nù”. (Áyọ́ọ̀nù ni átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná lára.) Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á nínú dánfó láti Sùúrùlérè dé CMS. “Àbọ̀-agbéná”, ohun tó máa ń gbé iná nígbà míì, tí kì í gbé e nígbà míì, tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ndọ́ tó ń fún àwọn èrò láyè nígbà tó bá wù ú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn yòókù ni mo fẹ́ bá yín fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ “ẹlẹ́mìí” tí ẹ fi túmọ̀ “organic”. Pentacene, èròjà tí wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀, kò mí rí láyé. Òrùka márùn-ún tó so kọ́ra ni: kábọ̀nù 22, háídírójìn 14. Ẹ fi ẹ̀mí sílẹ̀ fún àwọn tó ń polówó ọṣẹ ní Balógun. “Oníkábọ̀nù” ti tó.

“Ìfilélẹ̀” ńkọ́? Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ gbé e sílẹ̀. Àpótí ni wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n wá yan ìyẹ̀fun pentacene náà títí ó fi di oru, oru yẹn sì lọ bá gíláàsì tó tutù, ó dì mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé mọ́tò síta mọ́jú, tí gíláàsì rẹ̀ rin gbindin láàárọ̀, ta ló fi omi lé e lórí? Ìrì ló sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. “Ìsẹ̀” ni tèmi. Ẹni tó bá ní yóò jọ “ìṣẹ̀”, kó fi àmì sí i, kó sì sinmi ariwo. Ẹ jẹ́ kí “fẹ́lẹ́” dúró ní tirẹ̀: awọ náà lè máà nípọn ju nánómítà 50 lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), nígbà tí irun orí wa ń lọ sí bí 80,000.

“Ìtànṣán” gan-an ló bí mi nínú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn, áyọ́ọ̀nù sì ní ìwúwo, ó ń kọlu nǹkan ni. Nígbà tí Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀rọ̀ “áyọ́ọ̀nù” jáde lọ́dún 1834, inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó ń lọ. Àwa náà ní ọ̀wọ́ màlúù, a ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà tó ń lé gbogbo ayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀wọ́ áyọ́ọ̀nù nìyẹn.

Kí ni ọ̀wọ́ yìí wá ń ṣe? Ó ń lù ni. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lu gínì ní Múṣin. Ọkùnrin méjì á jókòó kojú ara wọn, ìtì igi á wà láàárín, aṣọ tó ti mu sítáàṣì á wà ní kíká lórí rẹ̀. Èyí á sọ kùmọ̀ tirẹ̀, ìyẹn á dá a lóhùn, gbì, gbì, títí aṣọ á fi máa kọ mànà. Èyí tí mo bá màmá mi gbé lọ lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan lù ú jù, ó ya lójú ibi tí wọ́n ká a sí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí níbi tiwa. Agbára tó lè já ìdè kábọ̀nù àti háídírójìn kò ju bíi 5 eV lọ (eV ni ìwọ̀n agbára fún nǹkan tíńtín bí átọ́ọ̀mù). Áyọ́ọ̀nù agọ́nì, gáàsì kan, tí iná fóòtì 100 tì sáré ti gbé 100 eV dání. Bí wọn ò bá rọra, èédú ni wọn yóò bá níbẹ̀. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ẹyọ pentacene tí kò dì mọ́lẹ̀ dáadáa á fò dànù, ìyókù á sún kẹ́rẹ́ wá ibi tó bá a mu.

Mo kọ ọ́ báyìí: “Wọ́n ń fi ọ̀wọ́ áyọ́ọ̀nù lu awọ oníkábọ̀nù bó ti ń sẹ̀.” Mo kà á fún màmá mi lánàá. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó sẹ̀ tán ná kí wọ́n tó lù ú?” Mo ní bí ẹyọ òmíràn bá ti bo ẹyọ kan mọ́lẹ̀, kò ráyè sún mọ́. Wọ́n ní ẹni tó gbé gínì àwọn lọ fún ẹni tó lù ú ya ò lè kọ́ àwọn ní lílù.