Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: sùkúù ní olóríkunkun ni ọmọ mi, dókítà ní etí ni

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 8, ó wà ní Pírámárì 3 ní sùkúù aládàáni kan níbí. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé kì í fetí sílẹ̀, pé olóríkunkun ni, pé àpèkọ rẹ̀ kò dáa. Wọ́n ti nà án títí. Lóṣù tó kọjá la gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ní etí méjèèjì ni kò gbọ́ tó bó ṣe yẹ, àfi kó lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gba ẹ̀rọ náà.

Mo mú ìwé ọsibítù lọ fún màdáámù tó ni sùkúù. Kò tiẹ̀ kà á tán. Ó ní àwọn ò ní tíṣà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé tí sáà yìí bá parí kí n wá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití fún un. Ọmọ tó ń bá mi jiyàn bọ́ọ̀lù nílé! Ta ló ti la irú èyí kọjá? Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀, kí sì ni kí n sọ? Àbí kí n kúkú gbé e lọ sí sùkúù ìjọba?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Òbí tó bá wọlé pẹ̀lú ẹkún, a ó bá a kẹ́dùn, a ó sì ti gbàgbé kó tó dé géètì. Èyí tó bá wọlé pẹ̀lú ìjà, gbogbo wa la ó kóra jọ dúró dè é. Ṣùgbọ́n èyí tó bá mú bébà wá, tó kọ ohun tó ń fẹ́ síbẹ̀, tó sì jẹ́ ohun tí tíṣà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìná kọ́bọ̀, a kì í mọ bí a ó ṣe lé e.

Ẹ má tíì padà lọ bá màdáámù. Tíṣà kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Ẹ má lọ láàárọ̀ tí wọ́n ń tò lórí ìlà, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé ọmọ nítorí owó sùkúù. Ẹ mú ìwé àpèkọ ọmọ náà dání, kí ẹ bi í pé: “Ìgbà wo lẹ rí i pé ó ń gbọ́ yín dáadáa?” Òun fúnra rẹ̀ á rántí pé tí òun bá kọjú sí i, ó ń dáhùn, tí òun bá sì kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó kàn ń wò ni. Tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ ti ní ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Kó ní déètì. Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan pé àwọn ti gbà á, kí ẹ mú ìyẹn lọ sílé. Ohun tí wọ́n bá sì fẹnu sọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà: “Ẹ ṣé fún ìpàdé òní. Ohun tí a jọ sọ nìyí.”

Ọmọ Mọremí

Ẹ má da ara yín láàmú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ló dáa jù, àwọn tíṣà ibẹ̀ kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ lẹ máa fi gbogbo àtakò yìí pa lára.

Etí Lọ̀rọ̀

Ọmọ Mọremí, ẹ rọra. Kò sí àbùkù nínú ilé ẹ̀kọ́ adití, kò sì sí nínú kí èèyàn máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rọ ò lè ràn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tètè kọ́ èdè ọwọ́, kó má dàgbà láìní èdè kankan. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀, tó tún ń jiyàn, ti tirẹ̀ yàtọ̀.

Yíyẹ etí wò niṣẹ́ mi, Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ bá mi sọ èyí fún tíṣà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ yìí ló ń gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wa, wọ́n ń gbọ́ a, o, u. Èyí tó ń bọ́ lọ mọ́ wọn létí ni s, ṣ, f, t, k, torí ìró wọn tínrín, kò sì lágbára. Tíṣà ní “kà á”, ọmọ lè gbọ́ “tà á” tàbí “fà á” tàbí “sà á”. Ohùn gbogbo wọn dọ́gba, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni kò gbọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “s” tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọnù nínú àpèkọ rẹ̀, tíṣà á sì kọ ọ́ pé kò fara balẹ̀. Nílé tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹ jọ kọjú síra yín, ó ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé “ó ń gbọ́ tó bá wù ú.”

Ẹ̀rọ kì í sọ etí di tuntun. Bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sókè ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ sókè, àti fáànù, àti kíláàsì kejì tí pákó lásán pín yín níyà. Láàárín mítà kan sí méjì ló ti ń wúlò jù. Torí náà, iwájú ni kó jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè máa rí ojú tíṣà kó sì tún lè rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì. Kí tíṣà má sọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù. Kó má jágbe mọ́ ọn, ìjágbe máa ń da ọ̀rọ̀ rú nínú ẹ̀rọ.

Láràárọ̀, kí ẹnì kan fi bébà bo ẹnu, kó pe ìró mẹ́fà yìí fún un ní ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ lásán: a, i, u, m, s, ṣ. Kí ọmọ náà pè é padà. Tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lánàá, tí s àti ṣ wá sọnù lónìí, ẹ yẹ bátìrì wò, ẹ wò ó bóyá ìdọ̀tí ti dí ẹnu ẹ̀rọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì ti rí tíṣà tó fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ìwé tí a kọ sí i lọ. Tí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ó lè jẹ́ pé etí ọmọ ti dàgbà ju rọ́bà tí wọ́n wọ̀n sí i létí, ẹ gbé e padà kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ dákun, ẹ má da òróró gbígbóná sí etí ọmọ o, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dà á.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ni ti ọmọ tèmi. Ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà níbí la ti ń gba ìtọ́jú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì rẹ̀ wà, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ìgbà tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ sínú bébà ọsibítù pé kò gbọ́dọ̀ máa gun àtẹ̀gùn, ni kíláàsì bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọsibítù kọ lẹ́tà sí sùkúù fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má kàn kọ orúkọ àìsàn, kí wọ́n kọ ohun tí sùkúù máa ṣe.

Òfin náà wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní àìlera, òfin 2018, Ààrẹ Buhari ló buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ nídìí ẹ̀kọ́, pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, pé sùkúù ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ títọ́jú wọn. Iléeṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ẹnì kan ṣoṣo, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 náà ka àwọn ọmọ wa mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún.

Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí òfin gbẹ̀yìn. Mo mọ òbí kan tó fi òfin bẹ̀rẹ̀: sùkúù gba ọmọ náà padà lóòótọ́, àmọ́ kò sí tíṣà tó bá a sọ̀rọ̀ kọjá “káàárọ̀” títí sáà fi parí. Ìlà kan nípa òfin ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà ti tó. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ti sùkúù aládàáni, ẹ lọ sí Mínísírì Ètò Ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo. Ti ìjọba, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn

Olúwa á bá mi san án fún yín. Màmá Tíṣà, wọ́n tún pè mí lónìí. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kó dúró, mo máa san owó “àmójútó àkànṣe” lé owó sùkúù. Tíṣà rẹ̀ sì ní kí a yéé sọ Yorùbá sí i nílé, pé òun ló ń dà á lórí rú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Owó kí ni? Ẹ ò gbọ́dọ̀ sanwó àga iwájú. Tí tíṣà bá máa dúró tì í lẹ́yìn iṣẹ́ láti tún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kọ́ ọ, ìyẹn ni iṣẹ́, ẹ sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ṣe é. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbowó fún sílẹ̀. Bí mo bá mọ àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá dé ibi kíkọ yìí, owó náà á rọlẹ̀.

Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà yín, àmọ́ ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ọmọ mi ń gbádùn kíláàsì yín, a sì fẹ́ kó dúró. Ìwé àyẹ̀wò etí rẹ̀ wà nínú èyí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò máa lo ẹ̀rọ. Mo bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́rin: kó máa jókòó síwájú, kí tíṣà máa kọjú sí i tó bá ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sórí bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má nà án nítorí ohun tí kò gbọ́. Èmi yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ àti bátìrì. Ẹ jẹ́ kí a pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká wo ibi tí ó dé.”

Ó tán. Ojú ìwé kan. Ẹ má kọ ìtàn oyún sí i.

Etí Lọ̀rọ̀

Yorùbá kọ́ ló ń dà á lórí rú. Èdè tí ẹ mọ̀ jù nílé ni kí ẹ máa bá a sọ, kí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kí ìtàn àti àlọ́ pọ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa lè kọ́ èdè méjì. Tí ẹ bá wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣákálá bá a sọ̀rọ̀ nítorí sùkúù, ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ nílé á kéré sí i ni.

Ọmọ Mọremí

Mi ò tíì gbà o. Ẹ wo bí èrò ṣe pọ̀ ní kíláàsì ìjọba tí ẹ̀ ń sọ yẹn. Ṣé ariwo ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máa gbé sókè?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà

Òótọ́ ni ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ lọ jókòó sí kíláàsì tí ẹ fẹ́ gbé e lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnì kan níbẹ̀ kàwé jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè bá a pàdé níbi tí ẹ ò rò.

Ìyá Àbíkẹ́yìn

Mo ti bá tíṣà rẹ̀ sọ ọ́, ó ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: bátìrì ẹ̀rọ yìí, irú èwo ni kí n rà sílẹ̀?

Etí Lọ̀rọ̀

Ẹ bi ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ fún yín ní nọ́ńbà bátìrì rẹ̀. 13 máa ń ní bébà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn, 312 aláwọ̀ ilẹ̀, 675 aláwọ̀ búlúù. Tí ẹ bá ti bó bébà yẹn kúrò, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, kò ní dúró mọ́, torí náà ẹ má bó o kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa lò ó. Ẹ fún tíṣà ní páálí kan kó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn ọmọdé má tó o. Tí ọmọ kan bá gbé e mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.