Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa dì fún ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́?

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé-iṣẹ́ kan lágbègbè Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn níbí, ni ọkọ mi ti ń ru àpò, láti aago méje àárọ̀ di méje alẹ́. Inú ibẹ̀ gbóná bí ààrò. Tíì àti búrẹ́dì díẹ̀ ló ń bá jáde nílé. Lọ́sàn-án, á mu gàrí. Tó bá dé lálẹ́ ló máa wá jẹ àmàlà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níbi tó ti ń fi ìṣó gbígbóná dá bẹ́líìtì rẹ̀ lu. Ihò kẹta rèé lọ́dún yìí. Ó ní òòyì ń kọ́ òun lọ́sàn-án. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ni mo ti ń ta oúnjẹ. Kí n tó ṣí ìkòkò tán láàárọ̀ làwọn tó ń ru ẹrù ti máa ń tò síwájú mi, ẹ̀wà ni wọ́n sì ń bèèrè. Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ, tàbí ẹ̀wà àti gàrí, kó jẹ ẹ́ kó tó gbé àpò àkọ́kọ́. Bí ẹran bá wọ́n, ẹ ra sáwá.

Nọ́ọ̀sì Mọ́níyà:
Ọkùnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì ń lo nǹkan bíi kálórì 2,400 lójúmọ́ (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Ti ẹni tó ń ru àpò lè tó 3,500. Tí èyí tó ń wọlé ò bá tó èyí tó ń jáde, ara rẹ̀ ni ara á máa jẹ. Gàrí lágbára lóòótọ́, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń tún ara ṣe, ò tó nǹkan. Ẹ bu ẹ̀pà sí i: gíráàmù 100 ẹ̀pà ju kálórì 550 lọ, purotéènì rẹ̀ sì tó gíráàmù 25. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, kó máa mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má dúró de òùngbẹ. Síbẹ̀, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń mú èèyàn rù.

Bàbá Ṣíkẹ́:
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ru ẹrù. Ìyàwó wa, ẹ fọgbọ́n bi í bóyá ó ń mu páraga. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dákẹ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi í. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní ife méjì lójúmọ́. Ó ti gbà pé ká lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀wà ọ̀la ti wà lórí iná.