Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì mi ní Ayọ̀bọ̀: wọ́n ní kí n dá iṣẹ́ dúró, níbo ni mo ti ṣì í?

Aránṣọ Ayọ̀bọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Aránṣọ ni mí, Ayọ̀bọ̀ ni mo ń gbé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá àjọ kí n tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú, 120 ní gígùn. Rìsíìtì mọ̀lẹ́bí wà lọ́wọ́ mi, ìwé sọ́fè wà. Mo san owó ìpìlẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n júwe fún mi ló ya pílàànù: ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú, mìní fúláàtì lẹ́yìn àti lókè. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Èmi rò pé òǹtẹ̀ ìjọba ni.

A gbẹ́ fáúńdéṣọ̀n, a da jámánì fulọ́ọ̀, búlọ́ọ̀kù ti tó ìlà mẹ́rin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo débẹ̀, mo bá ọ̀dà pupa lára ògiri mi gàdàgbà-gadagba pé kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn pé kí n mú ìwé ìyọ̀ǹda ìkọ́lé wá. Bíríkìlà mi ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo sáré lọ bá ẹni tó ya pílàànù, ó ní òǹtẹ̀ tòun ni, òun ò sọ fún mi rí pé ti ìjọba ni. Òótọ́ ni, kò sọ. Èmi náà ò bi í.

Ẹ là mí lọ́yẹ̀: tí mo bá ti fi owó mi ra ilẹ̀, kí ló kan ìjọba nínú ibi tí mo gbé ògiri sí? Ẹlòmíràn tún ní àdúgbò ibùgbé ni tiwa, pé n ò gbọdọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, láti orí títì wọlé, ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀tún, ṣọ́ọ̀bù ni òsì.

Ọmọ Ìpájà

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa kọ́ ọ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá ti lè kan òrùlé, ó parí.

Káfíńtà Onígbàgbọ́

Ọmọ Ìpájà, jọ̀ọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo fi kọ́ tèmi. Mo kan òrùlé, mo kun ọ̀dà, ayálégbé méjì wọlé. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún méjì ni ìwé dé. Mo san owó ìtanràn lé owó ìwé tí mo ń sá fún, mo tún wó bákónì tí mo yọ sórí gọ́tà. Pákó tí mo fi ṣe òrùlé ibẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi tú u, ìṣó kọ̀ọ̀kan ni mò ń kà bí mo ti ń fà á yọ. Ẹ má dá a lóhùn o, ìyá wa.

Olùtòlú

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mò ń ṣe, ọ́fíìsì ọ̀gá mi ń kó ìwé wọlé fún àwọn onílé ní Àlímọ̀ṣọ́, nítorí náà irú ọ̀rọ̀ yín kì í jọ mí lójú mọ́.

Rìsíìtì mọ̀lẹ́bí ń sọ pé ẹ ra ilẹ̀. Ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà ṣe, ibòmíràn ni wọ́n ti ń bi ìyẹn. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wà lábẹ́ àkóso gómìnà rẹ̀. Èkó sì ní òfin ètò ìlú tirẹ̀, ti 2010, tó ní kí ẹnikẹ́ni gba ìwé kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àjọ ìjọba Èkó kan, LASPPPA, ló ń fúnni ní ìwé ìyọ̀ǹda. Àjọ kejì, LASBCA, ló ń tọ ilé náà lẹ́yìn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, àwọn náà ló ń fúnni ní ìwé pé ilé ti tó gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á gba ti ìṣáájú, wọ́n á gbàgbé ti ẹ̀yìn.

Lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù: ìjọba ya máàpù kan fún Àlímọ̀ṣọ́, Alimosho Model City Plan ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé òpópó yìí wà fún ibùgbé, èyí wà fún òwò, èyí gba méjèèjì. Ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè yín lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó sún mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi òpópó yín hàn yín. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń wò yẹn, ẹ ò mọ èyí tó níwèé nínú wọn, ẹ ò sì mọ èyí tí ọ̀dà pupa ń bọ̀ wá bá. Tó bá jẹ́ pé ibùgbé nìkan ni, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yí ìlò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ gba ìyẹn kí ẹ tó mọ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tó le jù nìyí. Iṣẹ́ tí a ṣe kẹ́yìn lápá ọ̀dọ̀ yín, mítà 3 ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì lọ́tùn-ún, 3 lósì, 3 lẹ́yìn, 6 níwájú. Ó lè yí padà nítorí títì tàbí irú ilé, ẹ béèrè tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣírò. Ẹsẹ̀ bàtà 30 jẹ́ mítà 9.14. Ẹ yọ 3, ẹ yọ 3. Ó ku mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 14. Ìyẹn ni ìbú gbogbo ilé yín, ògiri rẹ̀ mọ́ ọn! Ẹni tó ya pílàànù fún yín mọ ìṣirò yìí. Ìdí tí kò fi gbé e lọ síbì kankan nìyẹn.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yín ti ṣòfò o. Ta ló ra ààbọ̀ kejì? Tí òun náà kò bá tíì kọ́lé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ilé ìbejì: ẹ̀yin méjèèjì á jọ ní ògiri àjọni kan lórí ààlà, tiyín lápá kan, tirẹ̀ lápá kejì. Ẹ ò ní fi àlàfo sílẹ̀ lápá ibi tí ilé ti pàdé, nítorí náà mítà 6.14 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí dípò 3.14. Mo ti rí i kí wọ́n fọwọ́ sí irú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bi yín ibi tí oníbàárà á gbé mọ́tò sí. Mọ́tò kan ń gba bíi mítà 2.5 ní ìbú, 5 ní gígùn, mẹ́ta á dúró sí iwájú yín, kò ní gba ìkẹrin.

Kí ẹ tó náwó lórí pílàànù mìíràn, ẹ jẹ́ kí sọ́fíyọ̀ tó níwèé àṣẹ gbé nọ́ńbà bíkìn yín, ìyẹn nọ́ńbà òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀, lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí tó tà á. Ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya pílàànù, ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, ló gbọ́dọ̀ ya ti irin àti kọnkéré. Ẹ wá ìwé owó orí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2024, ìjọba Èkó fi ọjọ́ 90 sílẹ̀ fún àwọn tó ti kọ́lé láìgba ìwé kí wọ́n wá gbà á láìsan ìtanràn, wọ́n sì tún sún un síwájú. Ẹ béèrè bóyá irú ààyè bẹ́ẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é.

Elétíríkì

Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn. Ayọ̀bọ̀ ni ilé iṣẹ́ iná ńlá Ikeja West wà, waya rẹ̀ gba orí ilẹ̀ púpọ̀ kọjá. Waya iná alágbára 330kV (kílófóòtì 330) ń fẹ́ mítà 25 lápá ọ̀tún, 25 lápá òsì láti àárín rẹ̀. Ti 132kV, 15 sí 15. Tí ilẹ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀, kò sí pílàànù tó lè gbà á.

Bàbá Sùúrùlérè

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Láti ojú fèrèsé wa, màmá mi lè na iyọ̀ sí aládùúgbò láìdìde lórí àpótí. Ó dùn, ṣùgbọ́n tí ikọ́ bá wọ ilé kan, gbogbo agboolé ní í hú u. Àrùn eku tó jà ní Èkó láti 1924 wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní 1955 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé níbẹ̀, wọ́n kó wa wá sí Sùúrùlérè. Bàbá mi kò yéé ráhùn àgbàlá bàbá rẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n alẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn níbí, ìyá mi jí wa kí a wá gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. A ò mọ ìró rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Aránṣọ Ayọ̀bọ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Elétíríkì, mo gbójú sókè: waya òpópó lásán ló wà níbẹ̀.

Mo lọ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi. Téèpù tí mo fi ń wọn àyà àwọn oníbàárà ni mo mú dání, sẹ̀ǹtímítà 150 ni gígùn rẹ̀. Téèpù méjì láti fẹ́ǹsì ọ̀tún, mo fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fà á sórí jámánì fulọ́ọ̀. Téèpù méjì láti òsì, mo fà á. Mo ní kí ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ìbú láàárín ìlà méjèèjì, èmi náà dùbúlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan tirẹ̀. Ilẹ̀ ò gbà wá. Orí mi ti kọjá ìlà. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá jókòó síbẹ̀ mo sunkún díẹ̀. Ògiri tí mo ti mọ tẹ́lẹ̀, ìdajì téèpù péré ló wà láàárín òun àti fẹ́ǹsì.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ààbọ̀ kejì, ẹ̀gẹ́ ló gbìn síbẹ̀. Mo ti lọ kí bàbá náà. Wọ́n ní àwọn ò kọ ilé ìbejì, ṣùgbọ́n kí sókàwéè mi má sún mọ́ kànga àwọn, kí n sì bi yín pé ta ni yóò san owó ògiri àárín. Olùtòlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì sí ìyẹn. Àti pé ṣé pílàànù kan ni a ó ya ni, tàbí méjì?

Ọmọ Ìpájà, bíríkìlà mi náà pè mí pé ṣé kóun wá ní Sọ́ńdè. Mo ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.